Ọkùnrin tí wọ́n fi sílẹ̀ sí Máàsì: kí ló jẹ́ òótọ́ nínú ìtàn yẹn?

Ẹni tó bá wo fíìmù The Martian tán, tàbí tó ka ìwé tí wọ́n ti mú un jáde, ìbéèrè kan kì í pẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀: ṣé lóòótọ́ ni wọ́n fi ọkùnrin kan sílẹ̀ sí Máàsì, tó ń fi ìgbẹ́ gbin ọ̀dùnkún jẹ títí wọ́n fi padà wá gbé e? Rárá o. Kò tíì sí ọmọ èèyàn tó fẹsẹ̀ tẹ Máàsì rí. Òṣùpá lèèyàn dé mọ, àwọn méjìlá péré ló sì rìn lórí rẹ̀, láàárín 1969 sí 1972. Ẹ̀rọ ni gbogbo ohun tí a ti rán lọ sí Máàsì, kò sí èèyàn nínú ìkankan nínú wọn. Mark Watney tí wọ́n ń sọ yìí, inú ìwé ló ń gbé.

Mi ò bá ẹni tó béèrè wí ṣá. Ìtàn náà fara jọ òótọ́ jù. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Andy Weir ń ṣe nílẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà tó ń kọ ọ́. Bó bá ti kọ orí kan tán, á gbé e sórí ìkànnì ara rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn tó mọ sáyẹ́ǹsì lára àwọn tó ń kà á á sì tọ́ka ibi tó ti ṣì fún un, òun náà á tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó gbé e sórí Kindle, níbi tí Amazon ti ń ta ìwé tí à ń kà lórí ẹ̀rọ, sẹ́ǹtì 99 ló fi í síbẹ̀. Ilé iṣẹ́ Crown tún un tẹ̀ ní 2014, Ridley Scott fi ṣe fíìmù ní 2015, Matt Damon ló sì ṣe Watney. Weir tiẹ̀ jókòó kọ ètò kọ̀ǹpútà kan láti fi ṣírò ọ̀nà tí ọkọ̀ inú ìtàn náà máa gbà láàárín Ayé àti Máàsì. Ẹ wá fi kún un pé Watney fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn náà, bí ẹni tó ń kọ ohun tójú rẹ̀ rí lójoojúmọ́ sínú ìwé, tòun ti àwàdà àti èébú. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan gbà á gbọ́ pátápátá, kò yẹ kí ẹnu yà wá.

Ohun tó wá ń dá ọ̀rọ̀ rú ni pé àwọn èèyàn ń ṣiyèméjì síbi tí kò yẹ, wọ́n sì ń gba ibi tí kò yẹ gbọ́. Ìjì ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn, bẹ́ẹ̀ irọ́ ni. Omi tí Watney fi epo rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe, wọ́n á ní àsọdùn ni, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni, kò sí àbùlà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ bí ìtàn náà ṣe parí kó tó kà á, kó dúró níbí, nítorí mo fẹ́ tú u.

Àwọn mẹ́fà ló gúnlẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan tó ń jẹ́ Acidalia Planitia, ibi tó wà lóòótọ́ ní ìhà àríwá Máàsì. Ọjọ́ 31 ló yẹ kí wọ́n lò. Lọ́jọ́ kẹfà ìjì dé, ó fẹ́ẹ́ bi ọkọ̀ tí wọ́n máa fi gbéra kúrò níbẹ̀ ṣubú, ni Lewis tó jẹ́ ọ̀gá wọn bá ní ó tó, ká máa lọ. Bí wọ́n ti ń sá lọ sídìí ọkọ̀ ni irin áńtẹ́nà kan já, ó gún Watney, ìjì sì gbé e sọnù nínú eruku. Ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù bàjẹ́, ó ń sọ fáwọn yòókù pé ó ti kú. Wọ́n wá a tì, wọ́n lọ. Àṣé irin yẹn àti ẹ̀jẹ̀ tó dì yí i ká ló dí ojú ihò tó wà lára aṣọ rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ inú aṣọ náà kò fi jò tán. Nígbà tó jí, ó ku òun nìkan, àgọ́ ńlá tí wọ́n ń gbé, èyí tí wọ́n ń pè ní Hab, ọkọ̀ méjì, pánẹ́ẹ̀lì sólà, àti oúnjẹ tí kò lè gbé e débi tó ń lọ. Kò sí ohun tó lè fi bá Ayé sọ̀rọ̀. Àwọn tó máa tẹ̀ lé wọn wá, ó ku nǹkan bí ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó dé, ibi tí wọ́n sì máa gúnlẹ̀ sí, ní kòtò Schiaparelli, jìn sí i tó kìlómítà 3,200.

Ẹ ó rí i pé "sol" ni ìwé náà ń kà dípò ọjọ́. Kì í ṣe àṣehàn. Wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 39 àti díẹ̀ ni Máàsì fi ń yí po lẹ́ẹ̀kan. Àwọn òṣìṣẹ́ NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìrìn àjò ojú ọ̀run, tó ń darí ẹ̀rọ níbẹ̀ náà ń ka sol, kó má bàa dà pọ̀ mọ́ ọjọ́ tiwa.

Ìjì méjì, irọ́ kan, òótọ́ kan

Ìwé náà sọ pé ìjì yẹn ń fẹ́ ní kìlómítà 175 ní wákàtí kan. Níbí, ìjì bẹ́ẹ̀ á ká òrùlé, á wó igi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe eré nìkan ni afẹ́fẹ́ fi ń ti nǹkan ṣubú, ìwúwo rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ fojú inú wo àpótí kan tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní òró. Afẹ́fẹ́ tó máa kún un nílẹ̀ tiwa yìí wọn nǹkan bíi kílò kan àti díẹ̀. Ní Máàsì, nǹkan bíi gíráàmù 20 ni. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́ ju tiwa lọ ní ìlọ́po 60. Nígbà tí a bá wá ṣírò agbára tí ìjì kìlómítà 175 yẹn máa fi ti èèyàn, kò ju ti atẹ́gùn tó ń fẹ́ ní kìlómítà 22 tàbí 23 níbí lọ. Irú èyí á gbé eruku àti bébà, á mi ẹ̀ka igi kéékèèké. Kò lè bi ọkọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣubú, kò sì lè ju irin lu ẹnikẹ́ni débi tí á fi gún un.

Weir mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun mọ̀ pé ìjì Máàsì kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun fẹ́ kí ó jẹ́ pé ayé yẹn fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ lu èèyàn. Mi ò dá a lẹ́bi. Bí kò bá sí ìjì, kò sí ìtàn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ibi tí irọ́ náà wà gan-an ni gbogbo ènìyàn rántí, wọ́n sì gbàgbé ìjì kejì.

Ìjì kejì yìí kò pariwo rárá. Nígbà tí Watney ń wa ọkọ̀ lọ sí Schiaparelli, eruku ń rú bo ojú ọ̀run níwájú rẹ̀, kò sì mọ̀. Eruku náà kò lè ti ọkọ̀ rẹ̀ ṣubú. Oòrùn ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí oòrùn kò bá tó, sólà kò ní gba iná, bátìrì kò ní kún, ọkọ̀ kò ní lọ, ọ́síjìn kò ní jáde, ikú sì dé nìyẹn, wẹ́rẹ́, láìsí ariwo. Bó ṣe mọ ibi tí eruku náà ti pọ̀ wù mí gan-an: ó fi àwọn pánẹ́ẹ̀lì sólà kéékèèké sílẹ̀ sí ojú ọ̀nà, wọ́n ń ka iye iná tó ń wọlé síbi kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ó lọ fi tọ̀hún wé tìhín, ó wá mọ apá ibi tó yẹ kóun yà sí.

Èyí ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, sí ẹ̀rọ kan. NASA gbé ọkọ̀ Opportunity sórí Máàsì ní January 2004, sol 90 ni wọ́n ní kó fi ṣiṣẹ́, ó sì ń rìn kiri fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́rìnlá. Ní June 2018, eruku bo gbogbo Máàsì, sólà rẹ̀ kò rí oòrùn mọ́, ó dákẹ́. Wọ́n pè é títí, kò dáhùn, wọ́n sì kéde ní February 2019 pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Lákòókò eruku yẹn kan náà, Curiosity, ọkọ̀ NASA mìíràn lórí Máàsì, ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí pé kì í ṣe sólà ló ń lò. Ooru plutonium, irin kan tó ń gbóná fúnra rẹ̀, ló ń fún un níná. Watney náà hú irú ẹ̀rọ plutonium bẹ́ẹ̀ jáde nínú ilẹ̀, ibi tí wọ́n sin ín sí kí èèyàn má bàa sún mọ́ ọn, ó sì gbé e sínú ọkọ̀ láti fi yáná. Plutonium-238 ni, ooru ló ń mú jáde ní pàtàkì, ìtànṣán rẹ̀ kò sì lè la àpótí tí wọ́n dì í sí kọjá. Ewu ibẹ̀ ni bí àpótí náà bá fọ́. Fíìmù gbé ìjì irọ́ hàn wá lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, ó fo ìjì òótọ́ dá pátápátá. Ẹni tó bá wo fíìmù nìkan kò mọ̀ pé ó wà.

Omi látinú epo rọ́kẹ́ẹ̀tì

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró díẹ̀. Watney fẹ́ dáko sínú Hab, ilẹ̀ tó ń kó wọlé láti ìta sì gbẹ táútáú. Omi tó bá a níbẹ̀ kò tó. Ohun tó ní lọ́pọ̀ ni hydrazine, epo tó ṣẹ́kù sínú ọkọ̀ tí wọ́n fi gúnlẹ̀. Hydrazine kì í ṣe ohun tí Weir hùmọ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn sátẹ́láìtì ti ń fi í darí ara wọn lókè ọ̀run. Náítírójìn àti háídírójìn ló para pọ̀ di í. Bó bá kán sórí irin kan tó ń jẹ́ iridium, á tú ká fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ooru ńlá, náítírójìn á lọ lọ́tọ̀, háídírójìn á lọ lọ́tọ̀. Náítírójìn kò ní wàhálà, òun náà ló pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Háídírójìn ni ká dáná sí níbi tí ọ́síjìn wà, omi ló máa dà.

Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Háídírójìn tó wà nínú hydrazine gíráàmù 32 jẹ́ gíráàmù 4. Gíráàmù 4 yẹn á gba ọ́síjìn gíráàmù 32 mọ́ra, omi gíráàmù 36 á sì jáde. Ìyẹn ni pé kílò kan hydrazine àti kílò kan ọ́síjìn á fún wa lómi tó lé díẹ̀ ní lítà kan. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì tó ń ṣe kẹ́mísìrì lè fi bírò yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ kí ọmọ náà má dán an wò o: májèlé ni hydrazine, òórùn rẹ̀ nìkan tó pa èèyàn lára, háídírójìn sì ń bú gbàù bí a bá yọjú kúrò lára rẹ̀.

Ó sì bú. Watney ń dáná sí háídírójìn, kò mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń jó. Èyí tí kò jó ń kóra jọ sókè nínú Hab, títí gbogbo ilé fi di bọ́ǹbù, tòun ti onílé nínú. Ọgbọ́n tó dá ni pé kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ fa ọ́síjìn kúrò nínú ilé, nítorí háídírójìn kò lè jó láìsí ọ́síjìn, kí òun máa mí látinú ìgò, kí òun wá máa tú ọ́síjìn díẹ̀díẹ̀ síbi tí iná wà. Ọgbọ́n náà pé, ó kù síbì kan. Èémí tí à ń mí síta kì í ṣe carbon dioxide nìkan. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń fà símú, nǹkan bí ìpín 21 nínú 100 ni ọ́síjìn. Nínú èyí tí à ń mí jáde, nǹkan bíi 16 ṣì kù. Bí Watney ti ń mí ni ọ́síjìn ń jò jáde létí ìbòjú rẹ̀, tó ń padà sínú ilé tó rò pé òun ti fà á tán nínú rẹ̀. Gbàù! Mi ò mọ ibòmíràn nínú ìwé ìtàn àròsọ tí nǹkan kékeré tó báyìí, tó sì jẹ́ òótọ́ tó báyìí, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹni tí ìtàn dá lé.

Ọ́síjìn tó ń lò náà ńkọ́? Carbon dioxide ló gba ìpín 95 nínú 100 afẹ́fẹ́ Máàsì, ọ́síjìn sì wà nínú rẹ̀. Nínú ìwé, ẹ̀rọ kan ń yọ ọ́ jáde. Nígbà tí Weir kọ èyí, kò tíì sẹ́ni tó ṣe é lórí Máàsì. Ní 2021, ẹ̀rọ MOXIE tó wà nínú ọkọ̀ Perseverance ṣe é. Ìgbà 16 ni wọ́n tan ẹ̀rọ náà títí di 2023, gíráàmù 122 ni àpapọ̀ ọ́síjìn tó mú jáde. Kékeré ni, èèyàn kan á mí i tán láàárín wákàtí mélòó kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìdánwò lásán ni, ó sì fi hàn pé ohun tó ṣeé ṣe ni.

Ohun kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé bí Weir ti mọ̀ ọ́n ni, ìtàn ì bá yí padà. Ní 2013, NASA kéde pé Curiosity ti sun ilẹ̀ Máàsì nínú ẹ̀rọ, ó sì bá omi nínú rẹ̀, nǹkan bí ìpín méjì nínú 100. Kílò 1,000 ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ á mú nǹkan bíi lítà 20 wá. Ó ṣeé ṣe kí Watney kàn máa yan iyẹ̀pẹ̀ lórí iná, kó sì máa gba ooru omi rẹ̀ sínú nǹkan, láìfi epo rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣeré. Ìwé náà ti wà kí ìròyìn yìí tó jáde.

Oko inú àgọ́

Èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ tí wọ́n kó wá ló ti kú, gbígbẹ ni, kò lè hù. Àmọ́ ọ̀dùnkún méjìlá wà láàyè, ọ̀dùnkún òyìnbó, èyí tí àwọn ará ọjà ń pè ní Irish. Wọ́n kó o pamọ́ kí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lè fi se oúnjẹ ọdún Ìdúpẹ́ wọn. Watney, tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ewéko, gé wọn sí wẹ́wẹ́ bí àgbẹ̀ ti ń gé ebu iṣu, ó rí i pé ojú wà lára ègé kọ̀ọ̀kan, ó gbìn wọ́n. Títí débí, kò sí àgbẹ̀ tó máa bá a jiyàn.

Ìgbẹ́ ló ń kọ àwọn èèyàn lóminú. Iyẹ̀pẹ̀ Máàsì kò ní kòkòrò àìfojúrí tí ń sọ nǹkan di ajílẹ̀. Ilẹ̀ díẹ̀ tí Watney gbé wá láti Ayé fún iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ni kòkòrò wà nínú rẹ̀, ó pò ó mọ́ ti Máàsì, ó da omi àti ìgbẹ́ sí i, ó sì jẹ́ kí kòkòrò náà máa bí sí i títí wọ́n fi kún gbogbo rẹ̀. Kí nìdí tí àìsàn kò fi mú un? Àìsàn tó bá wà nínú ìgbẹ́ èèyàn ti wà lára èèyàn náà tẹ́lẹ̀. Ti ẹlòmíràn ló yẹ kó bẹ̀rù, ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó sì bá níbẹ̀ ti gbẹ, kòkòrò inú rẹ̀ ti kú. Ibí yìí náà, òótọ́ ni.

Ibi tí iṣẹ́ ti pọ̀ ni iye tó máa jẹ. Ọ̀dùnkún gíráàmù 100 ń fúnni ní nǹkan bíi kálórì 77. Bí Watney bá fẹ́ fi kálórì 1,500 gbéra lójúmọ́, tí ọ̀dùnkún nìkan ló ń jẹ, kílò méjì ni lójúmọ́, ó sì lé ní kílò 700 lọ́dún. Ìdí nìyẹn tí oko náà fi gba ilẹ̀ ilé, ó gorí tábìlì, ó gorí ibùsùn. Oko kì í ṣe eré.

Ohun tí ìwé náà kò mẹ́nu bà ni perchlorate. Ní 2008, ẹ̀rọ Phoenix tó gúnlẹ̀ sí ìhà àríwá Máàsì gbẹ́ ilẹ̀, ó bá yìnyín níbẹ̀, ó sì tún bá iyọ̀ olóró yìí nínú iyẹ̀pẹ̀. Bó bá wọ ara, kì í jẹ́ kí ọ̀fun rí áyódìn gbà bó ṣe yẹ, bí ti àwọn tó ń ní gẹ̀gẹ̀. Ẹni tó bá kàn gbin nǹkan sínú iyẹ̀pẹ̀ Máàsì, tó sì ń jẹ ẹ́ fún ọdún kan àti ààbọ̀, ara rẹ̀ kò ní le. Ọ̀nà àbáyọ wà ṣá: ó máa ń yọ́ sínú omi, a lè fi omi fọ iyẹ̀pẹ̀ náà kí a tó lò ó. Ní orílẹ̀-èdè Peru, níbi tí ọ̀dùnkún òyìnbó ti ṣẹ̀ wá, àjọ tó ń ṣèwádìí ọ̀dùnkún ní Lima gbé iyẹ̀pẹ̀ oníyọ̀ láti aṣálẹ̀ Pampas de La Joya sínú àpótí tí wọ́n ṣe bíi Máàsì, wọ́n gbin ọ̀dùnkún sí i, wọ́n sì kéde ní 2017 pé ó hù. Gbogbo irú rẹ̀ kọ́ ló lè fara dà á.

Oko Watney kò pa á, òtútù ló pa oko. Ẹnu ọ̀nà àgọ́ náà ya lọ́jọ́ kan, afẹ́fẹ́ tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Agbára tí afẹ́fẹ́ Máàsì fi ń tẹ nǹkan kò tó ìdá kan nínú 100 tiwa, omi kò lè dúró bí omi nínú rẹ̀; á hó, á sì di yìnyín láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Gbogbo ewé kú, kòkòrò inú ilẹ̀ kú. Èyí tó ti wú nílẹ̀ nìkan ló kù fún un láti jẹ.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìtànṣán kọjá ní kíákíá. Ẹ̀rọ tó wà lára Curiosity ń wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ lórí Máàsì, nǹkan bíi 0.67 mSv (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán tó ń wọ ara) ni lójúmọ́. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé ìtànṣán tó ń bá èèyàn níbẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ohun tó ń bá wa níbí lọ́dún kan. Kì í pani lójú ẹsẹ̀, ó ń fi kún ewu jẹjẹrẹ ni. Weir gbé e jókòó sẹ́yìn.

Bí wọ́n ṣe bá ara wọn sọ̀rọ̀

Ní July 4, 1997, NASA gbé ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Pathfinder sórí Máàsì, ó sì dákẹ́ lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Òótọ́ nìyẹn. Nínú ìwé, Watney wa ọkọ̀ lọ gbé e nílẹ̀ níbi tó ti ń sùn látọjọ́ náà, ó fún un níná, ó sì jí. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà nìkan ló ní. NASA lè yí kámẹ́rà náà, wọ́n sì lè rí ohun tí Watney bá kọ. Wọn kò lè kọ nǹkan padà sí i.

Ó kọ́kọ́ ronú pé kí òun to káàdì yí kámẹ́rà ká, lẹ́tà kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà 26, àti káàdì kan fún ìbéèrè, ó di 27. Bí a bá pín òbìrí dígírì 360 sí 27, dígírì 13 péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, kámẹ́rà àtijọ́ lè ṣìnà sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọgbọ́n tó wá lò ni èyí tí kọ̀ǹpútà ń lò. Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́, wọ́n sì lè fi àmì méjì péré kọ nọ́ńbà náà, bí a bá ń ka àmì 16 dípò mẹ́wàá: 0 dé 9, lẹ́yìn náà A dé F. Káàdì 16 àti ti ìbéèrè, 17. Dígírì 21 ló wá wà láàárín wọn, kò sí àṣìṣe mọ́. Kámẹ́rà á kọjú sí 4, á kọjú sí 8: H nìyẹn. Á kọjú sí 4, á kọjú sí F: O. Á kọjú sí 5, sí 7: W. Báyìí ni wọ́n ṣe bi í léèrè bó ṣe wà láàyè, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn.

Kí ẹ sì rántí pé ìmọ́lẹ̀ kò lè sáré jù bó ti ń sáré lọ. Láti Ayé dé Máàsì, ó ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ta nígbà tí wọ́n bá sún mọ́ra, ó ń gbà tó 22 nígbà tí wọ́n bá jìnnà. Kò sí "Hẹ́lò" kankan. Ẹ béèrè, ẹ lọ jẹun, ẹ padà wá wo ìdáhùn.

Ìbéèrè tó tún máa ń yọ lẹ́nu ni pé kí ló dé tí wọn kò kàn rán ọkọ̀ lọ gbé e. Ayé àti Máàsì ló ń yí oòrùn po, eré wọn kò sì dọ́gba. Nǹkan bí oṣù 26 ló ń wà láàárín ìgbà tí wọ́n bá wà níbi tó rọrùn kí ọkọ̀ gbéra àti ìgbà mìíràn tó bá tún rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìrètí inú ìwé náà fi wá já sórí Hermes, ọkọ̀ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, tó ń bọ̀ wálé. Ọkọ̀ tó ń sáré bọ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n lè tẹ bíréèkì rẹ̀ kó yí padà. Rich Purnell, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ ìṣírò ọ̀nà ọ̀run, ló rí i pé bí Hermes bá fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ayé láìdúró, òòfà Ayé, ìyẹn agbára tí Ayé fi ń fa nǹkan mọ́ra, á yí ojú ọ̀nà rẹ̀, á sì jù ú padà sí Máàsì. Ọgbọ́n òòfà yìí kì í ṣe àròsọ: àwọn ẹ̀rọ Voyager méjì tí NASA rán jáde ní 1977 fi òòfà Júpítà sáré dé Sátọ́ọ̀nù.

Ibi tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀ lókè ọ̀run, lẹ́yìn tí ọkọ̀ tó wà ní Schiaparelli ti gbé e gòkè, ni fíìmù àti ìwé ti pínyà jù. Nínú fíìmù, Watney fi nǹkan lu ihò sí ìbọ̀wọ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ aṣọ náà tú jáde lọ́wọ́ rẹ̀ bí èéfín rọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń fò lọ bá Lewis. Nínú ìwé, ó dá a lábàá bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń ṣàwàdà, Lewis sì ní kò ṣeé ṣe. Lewis ló jàre. Ohun tó ń tú jáde lọ́wọ́ èèyàn kò tì í láti àárín ara rẹ̀, apá kan ló ń tì. Á máa yí gbirigbiri ni, kò sì ní lè darí ara rẹ̀ síbi kan. Nínú ìwé, Hermes ni wọ́n dín eré rẹ̀ kù: Vogel, ọ̀kan lára àwọn ẹlẹgbẹ́ Watney, fi ṣúgà àti ọ́síjìn olómi ṣe bọ́ǹbù kékeré kan, wọ́n fi í ya ilẹ̀kùn iwájú ọkọ̀, afẹ́fẹ́ tó tú jáde sì fà á sẹ́yìn. Beck, ẹlẹgbẹ́ wọn mìíràn, ló jáde lọ mú Watney, tòun ti okùn tí wọ́n so mọ́ ọn lára.